Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Láti Ṣòwò Nínú Ilé Gbígbé ní Abẹ́òkúta

Ọ̀dà pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé wa ní Aṣérò, bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, àmì X gbàǹgbà ló wà lára ògiri ọgbà. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n dá iṣẹ́ dúró, kí n wá rí wọn ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ, ó ṣì ń ṣàn wálẹ̀ lára símẹ́ńtì.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi rárá. Mi ò kọ́ nǹkan kan lọ́dún yẹn, mi ò lé bílọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Pláànù ilé wa wà nínú àpótí, sọ́fè wà, gbogbo rísíìtì wà. Mo kó wọn dání tìbínú-tìbínú, mo forí lé ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn tẹ́ pláànù náà sórí tábìlì, ó fìka tọ́ ìlà kan lókè ìwé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi." Mo kà á. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi ti gbé ìkòkò aró mẹ́rin kalẹ̀ sẹ́yìn ilé láti nǹkan bí ọdún méjì, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń bá mi rẹ àdìrẹ lójoojúmọ́, mọ́tò àwọn oníbàárà sì ń dí ẹnu géètì àwọn ará ilé kejì.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìwé tó sọ bí ilé ṣe rí yàtọ̀ sí ìwé tó sọ ohun tí èèyàn lè máa ṣe nínú rẹ̀. Ohun tí mo ti kọ́ látìgbà náà ni mo kọ síbí, nítorí gbogbo àdúgbò wa ló ti kún fún irú wa báyìí: aránṣọ, onígaàrì, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó sọ páálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù irun, ẹni tó ṣí ilé ìwé jẹ́léósinmi sí bọ́ìsì kúọ́tà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni òfin ń pè ní iṣẹ́ lórí ilẹ̀?

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 1992, èyí tí wọ́n ń pè ní Decree 88, kò fi ìkọ́lé nìkan ṣe ohun tó ń fẹ́ àṣẹ. Ó ní bí èèyàn bá yí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tó máa kan àyíká rẹ̀, iṣẹ́ ló ti ṣe lórí ilẹ̀ yẹn, kódà kó má fọwọ́ kan síbí símẹ́ńtì. Pátákó ìpolówó ọjà tí ẹ rì mọ́lẹ̀ síwájú ilé pàápàá wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ètò ìlú rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé tí àwọn bá ti sanwó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù, ó ti parí. Kò parí. Rísíìtì káńsù, yálà ti Abẹ́òkúta South ní Aké tàbí ti North ní Akọ́mọjẹ́, owó ìtajà ni. Kò yí ilé gbígbé padà sí ilé ìṣòwò.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 náà wà níbẹ̀. Gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún aráàlú, C of O (ìwé ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀) tí wọ́n bá sì fún yín máa ń sọ ohun tí ilẹ̀ náà wà fún. Bí ẹ bá lò ó fún nǹkan mìíràn láìgbàṣẹ, ẹ ti tàpá sí àdéhùn inú rẹ̀, òfin sì fún gómìnà lágbára láti gba C of O padà nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogún ọdún kó owó ilé jọ kò gbọdọ̀ fi í ta tẹ́tẹ́.

Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Lọ́hùn-ún, ìlú ló máa ń pín ilẹ̀ sọ́nà-ọ̀nà: ibi gbígbé, ibi ọjà, ibi ilé iṣẹ́. New York ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún odindi ìlú lọ́dún 1916. Houston, bó ṣe tóbi tó un, kò ní in títí dòní. Ẹni tí òfin náà bá há mọ́ máa ń lọ bá ìgbìmọ̀ kan fún ohun tí wọ́n ń pè ní variance, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n á fi tó àwọn aládùúgbò létí, wọ́n á jókòó gbọ́ tẹnu wọn. Ohun tí wọ́n sì máa ń bi onítọ̀hún ni pé, kí ló wà lára ilẹ̀ rẹ tí kò sí lára ti àwọn tó kù? Ṣé ó dagun ni, ṣé ó wọ́ ni, ṣé àpáta ló wà láàárín rẹ̀? Pé owó kò sí lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ìdáhùn.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì tiwa nibí ni change of use, ìyípadà ìlò. Òun ni kí ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi ará Amẹ́ríkà yẹn, ẹ mú un dání. Abẹ́ òkúta la wà. Ìlú wo ni ìbéèrè nípa àpáta tún yẹ jù ú lọ? Ẹ óò rí ibi tó ti ràn mí lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé yín kí ẹ tó ka ti ẹlòmíràn

Ẹ kó pláànù, sọ́fè, C of O tàbí ìwé àdéhùn ilẹ̀ jáde. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ pé ilé náà wà fún. Bí ilẹ̀ yín bá wà nínú ẹ́sítéètì ìjọba, bíi ti àjọ ilé gbígbé tàbí ti OPIC (ilé iṣẹ́ ìjọba Ògùn tó ń ṣe ẹ́sítéètì), ìwé àdéhùn tí ẹ tọwọ́ bọ̀ níbẹ̀ lè ní òfin tirẹ̀ lórí òwò. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ìbarà GRA yàtọ̀ sí Òkè-Ìléwó. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú á rántí ìgbà tí àwọn ilé kan ní Òkè-Ìléwó jẹ́ ilé gbígbé lásán, kí báńkì àti ọ́fíìsì tó gba ibẹ̀. Ní Ìtòkú tàbí Ìjẹmọ̀, inú agboolé kan náà ni wọ́n ti ń sùn tí wọ́n ti ń ta ọjà láti ayé àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ti Ìtòkú ṣe àwíjàre ní Aṣérò. Èmi gan-an wí i, wọn ò dá mi lóhùn.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kò lè dá a ṣe. Lándílọ́ọ̀dù ló nilé, òun ni yóò buwọ́ lu lẹ́tà pé òun mọ̀ sí i. Ẹ gbà á ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu "kò sí wàhálà, màdáámù" kì í wúlò mọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀dà pupa bá dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn iṣẹ́ yín

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun tí iṣẹ́ yín ń tì jáde kúrò nínú ọgbà yín. Nǹkan márùn-ún ni: ariwo, omi, èéfín àti òórùn, mọ́tò, àkókò. Aránṣọ tó ní ẹ̀rọ méjì tí oníbàárà mẹ́ta ń wá bá lóòjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ti nǹkan kan jáde. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í le. Ẹni tó ń lọ ata, tó ń ṣe fọ́níṣọ̀, tó ń jó irin, tó ń rẹ aṣọ, ti wa le.

Lórí ariwo, òfin kan wà tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ń lò láti ọdún 2009. Ó fi ìwọ̀n decibel 50 sí ọ̀sán àti 35 sí òru fún àdúgbò tó jẹ́ kìkì ilé gbígbé. Èyí tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni 50 yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fà lókùn ti kọjá rẹ̀ dáadáa. Áàpù wà lórí fóònù tó ń wọn ariwo; kì í ṣe ti ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n yóò fi òye yé yín. Ẹ dúró sí ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò yín, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Omi ni tèmi. Ẹni tó bá fi kọ́sítíìkì sódà àti háídíró rẹ aṣọ mọ̀ pé omi tó kù nídìí ìkòkò kì í ṣe omi tí à ń dà sí gọ́tà. Èmi sì ń dà á. Mo gbẹ́ sọ́káwèé kan fún un níkẹyìn, mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ní Aṣérò lọ́hùn-ún, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ẹ tó kan àpáta. Omi kì í ráyè wọlẹ̀, ẹ̀yìn àpáta ló máa ń bá lọ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe dagun. Bàbá tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ wa ní kànga. Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo, kò bú mi. Ó fa korobá omi kan jáde níṣojú mi, ó dà á sínú abọ́ funfun, ó gbé e síwájú mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wò ó tí mo mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ọ̀run àárọ̀ ló wà lójú omi yẹn, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí aṣọ tó ti gbó bá ṣì ń ṣẹ́ aró díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Aláró, omi tí ìyàwó ọmọ mi fi ń po ògì ọmọ rẹ̀ nìyí."

Mi ò lè gbàgbé abọ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀dà pupa dé, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn kan sọ fún mi pé bàbá ló fẹjọ́ sùn. Bó bá jẹ́ òun, mi ò rí ibi tí mo máa gbà bínú sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará ilé kejì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi aládùúgbò sẹ́yìn. Ẹ yí i padà. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa wá sí ilé yín, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá rí. Bí ẹni yẹn bá ti ní ẹ̀dùn ọkàn, ìwé yín kò ní lágbára.

Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Mo dá iṣẹ́ dúró pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ bá bàbá náà nírọ̀lẹ́, èmi àti ọkọ mi, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a tọrọ gáfárà. A kò sọ̀rọ̀ àṣẹ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi ní kí a san owó tí wọ́n fi máa gbọ́n kànga náà gbẹ kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, a sì san án. Ìgbà tí a padà lọ ni mo tó mú bébà dání, mo ya ohun tí mo fẹ́ ṣe sórí rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tí omi aró yóò máa jókòó sí. Mo ṣàlàyé fún un pé tí a bá ro omi aró tí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, aró inú rẹ̀ á dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó mọ́ ni a ó dà sínú dúrọ́ọ̀mù kejì, a ó fi ọtí kíkan pa ìta kọ́sítíìkì inú rẹ̀, a ó sì fi bébà pH, èyí tó ń fi hàn bóyá ìta náà ti kú, yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá kọjá nínú yanrìn àti èédú dúrọ́ọ̀mù kẹta ni a ó tún fi ṣan aṣọ. Kò sí ìkankan tó máa wọ ilẹ̀. Bàbá náà bi mí pé, "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Mi ò tíì ronú kàn án. A jọ fẹnu kò pé mo máa gbẹ ẹ́ nínú oòrùn, mo máa dì í sínú ṣágo, mo máa kó o fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí tó léwu, kì í ṣe kí n dà á sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ lọ sí ilé mẹ́rin tó yí yín ká, ó kéré tán: ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, òdìkejì títì. Ẹ má rán ọmọdé. Ẹ má fi lẹ́tà ṣọwọ́ sí wọn lórí WhatsApp. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ lọ bá, ẹ mọ ìgbà tó ń sinmi. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, iye èèyàn tó máa wá, ibi tí wọ́n á páàkì sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n pé, kí ni kò ní jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ lójú wọn. Ìyá kan lódìkejì wa sọ pé ariwo kò kan òun, àmọ́ àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sórí pèpéle òun. Mo ra bẹ́ǹṣì méjì sínú ọgbà mi. Ọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un lọ sí ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí alága àti akọ̀wé mọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Lẹ́tà kan tí àwọn ilé mẹ́rin náà tọwọ́ bọ̀, tí CDA fi òǹtẹ̀ lù, èyí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kò sí ẹni tó máa fi ipá gbà á lọ́wọ́ yín pé kí ẹ mú un wá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ni ìwé àkọ́kọ́. Ẹ má sì fi owó ra ìbuwọ́lù. Ẹni tó gbowó lónìí á tún bèèrè lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ètò ìlú

Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní town planner ni èyí, kì í ṣe ti ẹni tó ya pláànù ilé yín nìkan. Ẹ rí i pé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn town planner sílẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà òǹtẹ̀ rẹ̀. Òun ni yóò kọ ìròyìn nípa ilẹ̀ náà: ohun tó yí i ká, bí títì ṣe fẹ̀ tó, ibi tí omi ń gbà, ohun tí ìyípadà náà máa ṣe sí àdúgbò.

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Mo fẹ́ fi ìkòkò méjì pamọ́ fún tèmi, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n á wá, wọ́n á kà á." Òun náà ló rí ọ̀nà àpáta. Ẹ̀yìn ilé wa, ibi tí ó yẹ kí n kọ́ àtíbàbà iṣẹ́ sí kó lè jìnnà sí ògiri bàbá, àpáta ńlá kan ló jókòó síbẹ̀, ó ga tó àyà èèyàn. Ó yà á sínú pláànù, ó wọ̀n ọ́n, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àpáta ni kò jẹ́ kí a lè fi gbogbo àyè tó yẹ sílẹ̀, ó sì dábàá pé kí a gbé ògiri kan sókè láàárín iṣẹ́ àti ilé bàbá dípò àyè náà. Ohun tó wà lára ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi bẹ̀bẹ̀, kò fi òṣì bẹ̀bẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá dagun, bó bá wọ́, bí odò tàbí wáyà iná ńlá bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó ìwé lọ

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú tó ń bójú tó àgbègbè yín, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù change of use. Àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ yìí ni Ogun State Planning and Development Permit Authority, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlú ní Òkè-Mọ́sàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ sórí bébà fún yín. Èyí tí ẹ lè ti máa kó jọ nílé ni ìwé ilẹ̀, sọ́fè, pláànù tí wọ́n ti buwọ́ lù tẹ́lẹ̀, pláànù tuntun tó fi ìyípadà hàn, ìròyìn town planner, àti ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Owó orí yẹn ló máa ń dá èèyàn dúró jù. Bí ẹ kò bá tíì máa san án, ẹ lọ bá OGIRS, àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ẹ tó lọ síbòmíràn, nítorí ó lè gba àkókò.

Bí C of O yín bá sọ pé gbígbé nìkan ni, ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bóyá ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé méjì ni, kan kò rọ́pò ìkejì.

Lórí owó: wọ́n á ṣírò rẹ̀ fún yín, wọ́n á fún yín ní ìwé tó sọ iye rẹ̀ àti ibi tí ẹ máa san án sí. Àpò ìjọba ni owó ń wọ̀, rísíìtì ìjọba lẹ máa gbà. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yín jù. Mo ti fún ẹnì kan lówó nígbà tí mo kọ́kọ́ ń sáré, ó ní òun máa bá mi "rìn ín." Mi ò rí ìwé, mi ò rí owó, nígbà tó yá mi ò rí òun náà mọ́.

Ẹ ṣe fótókópì gbogbo ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lu ẹ̀dà tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ tí wọ́n bá wá wò ó

Ẹ má palẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ bó ṣe máa ń rí, kí dúrọ́ọ̀mù wà níbi tó yẹ, kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ kó ìwé kékeré tí ẹ fi wọn iṣẹ́ yín jáde. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, obìnrin kan nínú wọn bu omi dúrọ́ọ̀mù kẹta sí àtẹ́lẹwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ẹnu géètì lọ sílé bàbá. Mi ò bá wọn lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, bàbá sìn wọ́n dé títì.

Bí wọ́n bá fún yín pẹ̀lú àdéhùn

Ìwé àṣẹ lè dé pẹ̀lú àdéhùn lábẹ́ rẹ̀. Ti èmi ní wákàtí iṣẹ́, ìkòkò kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin, omi kò gbọdọ̀ dé gọ́tà, mọ́tò kò gbọdọ̀ páàkì sójú títì. Ẹ kà wọ́n fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ ni yóò da omi nù láago mẹ́wàá alẹ́.

Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tẹ́ lọ́rùn láti pẹjọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, àkókò sì wà fún un, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà náà gan-an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ jà, ẹ ka ìdí náà pẹ̀lú town planner yín. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n kọ̀ kì í ṣe òwò yín, ibi tí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ni. Ẹ tún un ṣe, ẹ padà lọ. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé iṣẹ́ náà kò bá àdúgbò náà mu rárá. Ẹni tó ń jó irin lóru láàárín àwọn ilé tó lẹ̀ mọ́ra kò ní rí àṣẹ, kò sì yẹ kó rí i. Kó lọ gba àyè ní ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Bí ọ̀dà pupa bá ti wà lára ògiri yín

Ẹ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ má pa ọ̀dà náà rẹ́, ẹ má fi ọ̀dà mìíràn bò ó, ẹ má sì já èdìdì tàbí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì láàárín àkókò tí wọ́n kọ, kí ẹ mú gbogbo ìwé dání, kí ẹ má sì gbé ìbínú dání bí èmi. Ẹ béèrè ohun méjì péré: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n kọ sílẹ̀, àti kí ni ẹ lè ṣe láti tún un ṣe. Owó ìtanràn lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Àwọn ìwé yòókù

Àṣẹ ìyípadà ìlò kò gba ipò àwọn ìwé mìíràn. Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ẹni tó ń ṣe oúnjẹ tó ń dì í tà, NAFDAC ń dúró dè é. Ti ilé ìwé wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tó fẹ́ ta gáàsì ìdáná láàárín ilé, mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un rò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, àṣẹ rẹ̀ sì le ju èyí tí mo ń sọ lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á

Ohun tí ẹ gba àṣẹ fún nìkan lẹ gba àṣẹ fún. Lọ́dún tó kọjá mo fẹ́ fi ìkòkò kan kún un, torí àwọn oníbàárà láti Èkó ń béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó pọ̀. Mo kọ́kọ́ gba ilé bàbá lọ, kí n tó gba Òkè-Mọ́sàn. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi mu. Láti inú kànga yẹn ni wọ́n ti fa omi náà. Mo mu ún tán.